Àgò Onílé: Ọ̀rọ̀ Lórí Kúkì Inú Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àṣẹ Tí Olúkúlùkù Ní Lórí Bráúsà Rẹ̀

Kókó ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ojú ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í sì í fi ọkàn sí. Bí ènìyàn bá jókòó sí ilé rẹ̀ ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù, tí ó fẹ́ ka ìwé ìròyìn lórí fóònù, kí ó tó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pátákó kékeré kan yóò ti yọ sí i lójú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ó ń sọ pé ìkànnì yìí ń lo kúkì kí ìgbádùn òǹkàwé lè pọ̀ sí i, kí ó jọ̀wọ́ tẹ ibi tí a kọ "Accept all" sí. Onítọ̀hún yóò tẹ̀ ẹ́, pátákó yóò lọ, ìwé kíkà yóò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí a ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kí ni ó gbà? Ta ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ títẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ yẹn tó ohun tí òfin ilẹ̀ wa lè pè ní ìyọ̀ǹda?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kúkì jẹ́. Bráúsà ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Chrome, Opera Mini, Safari tàbí Firefox. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ìkànnì dání, níbikíbi tí ó bá wà láyé, ni bráúsà yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹni tí ó béèrè ojú-ìwé kan nísinsìnyí, tí ó tún béèrè òmíràn láìpẹ́, àlejò tuntun ni lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kọ̀ǹpútà náà kò rántí rẹ̀. Ìṣòro ńlá ni èyí fún ẹni tí ó fẹ́ tajà, nítorí pé oníbàárà yóò mú ọjà kan sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó tó ṣí ojú-ìwé kejì, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Ní ọdún 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lou Montulli, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ṣe é kí kọ̀ǹpútà ìkànnì máa fún bráúsà ní àkọsílẹ̀ pélébé kan, kí bráúsà fi pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì máa fi í hàn nígbàkúùgbà tí ó bá padà wá. Àkọsílẹ̀ pélébé yìí ni kúkì. Kì í ṣe nítorí pé a lè jẹ ẹ́ ni a fi pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni a ti mú orúkọ náà, torí pé wọ́n ti ń pe àmì tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń fún èkejì ní "magic cookie" kí ọ̀rọ̀ Netscape tó dé.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba rí yóò tètè mọ bí nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí aláìsàn bá dé, wọn yóò fún un ní káàdì kékeré kan mú lọ sílé. Nọ́ńbà ni ó wà lára káàdì náà. Àìsàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tí dókítà rí lára rẹ̀ àti oògùn tí wọ́n kọ fún un wà nínú fáìlì ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn. Bí ó bá padà lọ́jọ́ mìíràn, yóò na káàdì, wọn yóò fi nọ́ńbà wá fáìlì jáde. Kúkì ni káàdì yẹn. Kò tóbi, nǹkan bíi 4,096 báìtì ni òdiwọ̀n tí bráúsà ń gbà fún ẹyọ kan. Kò lè dá iṣẹ́ kankan ṣe, nítorí náà àwọn tí ń sọ pé kòkòrò àrùn kọ̀ǹpútà ni, wọn kò sọ òótọ́. Ìkànnì tí ó fi í sílẹ̀ nìkan ni bráúsà sì ń fi í hàn.

Títí dé ibi yìí, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn kúkì. Òun ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ ní ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa tún ọ̀rọ̀ aṣínà kọ ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Òun náà ni ó mú kí báǹkì mọ̀ pé ẹni tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ni ó ń fi owó ránṣẹ́ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó lọ bẹ gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù, pé kí wọ́n fún òun ní igun kan jókòó sí. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn olóbì ní Sábó, ó wà ní ilé ìtajà oògùn, ó wà lọ́dọ̀ télọ̀, ó wà níbi tí wọ́n ti ń yáni lówó, ó sì ń fún oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní owó ìjókòó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé, yóò tẹ nọ́ńbà kan sí i lápò láìsọ fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yóò yọ nọ́ńbà náà wò, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù bá fi máa parí, ìwé rẹ̀ yóò fi hàn pé ẹni tí ó ní nọ́ńbà báyìí ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, ó béèrè owó yíyá lọ́sàn-án, ó wo aṣọ ọmọ ọwọ́ nírọ̀lẹ́. Ó lè má mọ orúkọ onítọ̀hún. Kí ni ó tún fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ó ti mọ ohun tí òun lè tà fún un, àti àkókò tí yóò rọrùn jù láti rà á.

Kúkì ẹni-kẹta ni à ń pe èyí. Ìwé ìròyìn tí a ṣí ni ẹni kìíní, àwa tí à ń kà á ni ẹni kejì. Ìpolówó ọjà tí ó wà létí ojú-ìwé náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ni ín, kọ̀ǹpútà ti ilé-iṣẹ́ yẹn sì ń fi kúkì tirẹ̀ sínú bráúsà wa. Níwọ̀n bí ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan náà ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì, kúkì kan ṣoṣo ti tó láti mọ gbogbo ọ̀nà tí a gbà. A kò pè é. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìjẹ̀bú yóò rántí àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni fà mọ́ ẹnìkejì, nítorí pé ẹfà àti fà bá ara wọn mu létí; mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ìránṣẹ́ ni ó ń ru àrokò, kò sì pọn dandan kí òun alára mọ ohun tí ó rù. Bí a bá ṣí kúkì wò nínú fóònù wa, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ lójú wa ni a ó rí. Tiwa tilẹ̀ le ju ti ìránṣẹ́ lọ, nítorí pé àrokò tí à ń rù yìí, nípa àwa fúnra wa ni ó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ṣe é mọ ewu yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bráúsà ń gba kúkì wọlé láìsọ fún ẹni tí ó ni ín. Ní February 1996 ni ìwé ìròyìn Financial Times ti London gbé ọ̀rọ̀ náà síta tí gbogbo ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ní 1997, nínú ìlànà àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kọ lórí kúkì, tí Montulli fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ ọ́, wọ́n sọ pé kí bráúsà má ṣe máa gba kúkì ẹni-kẹta àyàfi bí ẹni tí ó ni bráúsà bá dìídì gbà á láyè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bráúsà nígbà náà kò tẹ̀ lé e. Owó ìpolówó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wàhálà pátákó tí à ń tẹ̀ kiri lónìí, ojú mi ni ó jẹ́ pé àìgbọ́ràn ọdún yẹn ni ó bí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò kì í ṣàdédé wọ iyàrá onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé "Àgò o!" Bí onílé bá fẹ́, yóò dáhùn pé "Àgò yà." Bí ó bá ń ṣiyèméjì, yóò béèrè pé ta nìyẹn. Bí kò bá sì dáhùn rárá, ẹnu ọ̀nà ni àlejò ń dúró sí tàbí kí ó padà. Kò sí ọmọlúàbí tí yóò sọ pé níwọ̀n bí onílé kò ti lé mi, ó ti gbà mí wọlé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń wo òfin. Apá 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba kúkì. Ní January 2019, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, tí a mọ̀ sí NITDA, gbé ìlànà jáde lórí ìwífún nípa ara ẹni. Ní November 2020, ìwé ìmúṣẹ ìlànà náà dárúkọ kúkì gan-an. Ó ní ìkànnì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ó tó lò ó. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kò di dandan kí ènìyàn tẹ ohunkóhun: bí ìkànnì bá ti ṣàlàyé yékéyéké pé kúkì wà, ohun tí ó wà fún, ẹni tí ó ni ín, àti ọ̀nà tí a lè gbà kọ̀ ọ́, bí ènìyàn bá ń bá kíkà rẹ̀ lọ, ó ti gbà nìyẹn. Èmi kò fara mọ́ èyí nígbà náà, n kò sì fara mọ́ ọn títí di òní. Àlejò tí kò dúró gbọ́ "àgò yà" ni.

Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù June 2023, ìyẹn Òfin Ààbò Ìwífún ti Nàìjíríà, sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn. Lójú òfin yìí, àmì ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, nítorí náà nọ́ńbà inú kúkì kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Apá 26 rẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè kà. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tàbí àìṣe ohunkóhun kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó ní kí ìyọ̀ǹda jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ara rẹ̀ ṣe, kì í ṣe èyí tí a ti bá a fàlà sí tẹ́lẹ̀. Ó ní èdè tí ó rọrùn tí ó sì yéni ni kí a fi béèrè rẹ̀. Ó sì di ẹrù ru ẹni tí ó ń gba ìwífún: òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé a yọ̀ǹda fún òun. Apá 35 tún sọ pé gbígba ìyọ̀ǹda padà gbọ́dọ̀ rọrùn bí fífún un ti rọrùn. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òfin yìí kò fẹ́ kí tiwa bá wa dákẹ́. Àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ ti gbé ìlànà ìmúlò tirẹ̀ jáde, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù September 2025, wọ́n sì ti gbé ìlànà 2019 tì.

Àwọn ará Yúróòpù ti ja ìjà yìí ṣáájú wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October 2019, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ lórí ìkànnì tẹ́tẹ́ kan ní Jámánì tí ń jẹ́ Planet49, tí ó ti bá àwọn ènìyàn fàlà sí àpótí kúkì kí wọ́n tó dé. Ilé-ẹjọ́ ní ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní January 2022, àjọ ààbò ìwífún ti ilẹ̀ Faransé kéde ìtanràn 150 mílíọ̀nù yúrò fún Google àti 60 mílíọ̀nù fún Facebook, nítorí pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi ń gba kúkì, títẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi ń kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ wa tí ó wà ní Paris fi lè rí "Reject all" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Accept all", tí bàbá rẹ̀ tí ó ṣí ìkànnì kan náà ní Ìjòkú lè má rí i.

Àìdọ́gba yìí wà lára ohun tí ó bí àjọ FCCPC nínú, ìyẹn àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti kúkì ní pàtó, ìlànà WhatsApp ti ọdún 2021 ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ilé-iṣẹ́ Meta ni pé kò jẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà pinnu bí a ó ti lo ìwífún wọn, ó sì ń ṣe sí wọn yàtọ̀ sí bí ó ti ń ṣe sí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ní irú òfin kan náà. Ní July 2024 ni wọ́n bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Ní April 2025, ilé-ìgbẹ́jọ́ tí Meta pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí fi ọwọ́ sí ìtanràn náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé-ẹjọ́, bráúsà wà lọ́wọ́ wa. Inú fóònù tiwa ni kúkì ń gbé. Kò sí ìkànnì tí ó lè fi í síbẹ̀ bí bráúsà bá kọ̀. Láti March 2020 ni Safari ti ń ti gbogbo kúkì ẹni-kẹta síta láìjẹ́ pé a sọ fún un. Firefox náà, láti June 2022, ń fi kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan sínú àpò ọ̀tọ̀, tí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ni lápò ní ṣọ́ọ̀bù kan kò fi ní wúlò ní ìkejì. Chrome ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Android tí à ń lò, ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí ó tóbi jù láyé ni ó sì ṣe é. Ní January 2020, Google ṣèlérí pé láàárín ọdún méjì òun yóò mú kúkì ẹni-kẹta kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, ní April 2025 wọ́n ní àwọn yóò fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí olúkúlùkù máa yan èyí tí ó wù ú. Nítorí náà, ẹni tí kò yan ohunkóhun nínú Chrome ti dákẹ́, tara rẹ̀ sì ń bá a dákẹ́. Kí ó tẹ àmì ẹlẹ́tótótó mẹ́ta tí ó wà lókè, kí ó wọ "Settings", kí ó wọ "Site settings", kí ó wá ibi tí a kọ "Third-party cookies" sí, kí ó sì tì í. Kò tó ìṣẹ́jú kan. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ti gbogbo kúkì pátá, nítorí pé kò ní lè wọ ìkànnì báǹkì tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí a gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Láti 2009 ni àwọn kan ti dábàá pé kí bráúsà máa sọ fún ìkànnì gbogbo pé "Má ṣe tẹ̀ lé mi." Kò sí òfin tí ó mú ìkànnì gbọ́ràn, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o sì túká ní January 2019. Bí ìgbà tí ènìyàn kọ "Ẹ ṣọ́ra fún ajá" sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí ajá nílé ni.

Ẹni tí ó bá lo kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé tàbí ti ilé-ìkàwé gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ìkànnì kí ó tó dìde, nítorí pé kúkì tí ó sọ pé òun ni ó wọlé ṣì wà níbẹ̀ dè ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Kí a má sì ṣe rò pé bí a bá ti pa kúkì rẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Káàdì ni a fà ya. Fáìlì ṣì wà ní yàrá àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n pa fáìlì rẹ́ ni yóò kọ̀wé béèrè lábẹ́ apá 34 nínú òfin 2023. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ti ń wo títóbi ojú fóònù, irú lẹ́tà inú rẹ̀ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ láti dá wa mọ̀ láìlo kúkì, bráúsà kò sì rọrùn láti fi dí ìyẹn.

Èmi jẹ́ olùkọ́ èdè, ọ̀rọ̀ pátákó náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, "gbà," ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú èdè wa. A lè gba ẹ̀bùn, a sì lè gbà fún ènìyàn. Bí wọ́n bá ní kí a "gba kúkì," ó jọ pé wọ́n gbé nǹkan jíjẹ wá fún wa. Bẹ́ẹ̀ àwa ni à ń fúnni. Mo gbà pé "yọ̀ǹda" ni ó tọ́, nítorí pé ẹni tí ó ní nǹkan ni ó ń yọ̀ǹda rẹ̀. "Détà" náà ti ṣìnà. Lẹ́nu wa, ohun tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ni. Ẹni tí a bá sọ fún pé wọ́n ń kó détà rẹ̀ lọ yóò yẹ iye tí ó kù wò, yóò rí i pé ó pé, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Òfin ní èdè tí ó yéni. Olóbì tí ó ń fi fóònù wo iye ọjà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ti kíkí lọ, ìyọ̀ǹda wo ni a lè sọ pé ó ṣe lórí pátákó ẹlẹ́sẹ̀ ogún tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì amòfin? Lójú tèmi, kò ṣe ọ̀kankan.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Rẹ́mọ náà ti ń ní ìkànnì tiwọn, ọmọdé sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò máa ṣí i, àwọn tí òfin ní òbí ni yóò yọ̀ǹda fún wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè mú àpẹẹrẹ tí mo kọ yìí, kí ẹ tún un ṣe bí ó bá ti yẹ:

"Àgò o. Ìkànnì yìí fẹ́ fi àmì méjì sínú bráúsà yín. Àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ yín títí ẹ ó fi jáde. A kò lè ṣe láìsí i. Èkejì, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ni ó ni ín, yóò sì máa kọ àwọn ojú-ìwé tí ẹ kà sílẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ èkejì, ẹ lè kọ̀ ọ́, kò sì ní dí yín lọ́wọ́ láti ka ohunkóhun níbí. Ẹ lè yí ọkàn yín padà nígbàkúùgbà nípa títẹ 'Àgò' tí ó wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé."

Lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi bọ́tìnnì méjì sí i, kí wọ́n tóbi bákan náà, kí àwọ̀ wọn sì rí bákan náà. Kí a kọ "Mo yọ̀ǹda" sára ọ̀kan, kí a kọ "N kò yọ̀ǹda" sára èkejì.